Bàbá Ọkọ Mi, Ọmọ Ọdún Méjìlá

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá, 2008
Orúkọ wa jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ọkọ̀ òfuurufú, ó di Ohio ní Amẹ́ríkà. Ọdún kejìdínlógún rèé tí sọ́jà ti lé àwa tí ń sọ èdè Nepali kúrò ní Bhutan. Àgọ́ Beldangi ní Nepal yìí ni mo ti dàgbà, ibẹ̀ ni mo ti kàwé, ibẹ̀ ni mo ti bímọ. Khem ọkọ mi ń jó. Èmi ń ro òtútù. Pabitra ọmọ mi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì – àbí ẹ̀rín ni? Ṣé wọ́n ń ta òróró músítádì lọ́hùn-ún, tí màá fi máa ra á láyà?
Bàbá ọkọ mi – Ọba Elégédé, inú ìwé yìí nìkan ni mo gbọ́dọ̀ ti pè é bẹ́ẹ̀ – bọ́ síta. Ó gun òrùlé lọ wo elégédé rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6
Wàhálà. Lórí fọ́ọ̀mù ìkẹyìn tí Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lánàá, 1996 ni wọ́n bí i. Kàlẹ́ńdà tiwa ló fi kà á, èyí tó fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ṣíwájú ti òyìnbó. Lójú ọ́fíìsì tó ń kó wa lọ, ọmọ ọdún méjìlá ni. Àfi kó wá búra sí ọjọ́ orí rẹ̀. Bí kò bá wá, gbogbo wa jókòó ni – fáìlì kan ló kó wa.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Bàbá ní ẹsẹ̀ ń dun òun.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó sì wà lórí òrùlé. Khem ní, "Bàbá, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ jẹ́ ká lọ búra." Ó ní, "Ọmọ ọdún méjìlá kì í búra. Lọ pe bàbá mi wá." Ìyá Ganga, aládùúgbò wa, bi í pé kí ló dé tí kò lọ sílé ìwé. Ó ní ara òun ò yá. Mo fi ìborí bo ẹnu, mo rẹ́rìn-ín títí omi ọmú fi tú sí mi láṣọ.
Ẹ̀rù sì ń bà mí. Bí ọkọ̀ yìí bá lọ, ta ló mọ ìgbà tí wọ́n máa tún pè wá?

Ọjọ́rú, 12
Mo gbé tíì fún un, mo bi í: ẹni tó ṣe akọ̀wé olórí abúlé fún ogún ọdún, báwo ló ṣe ṣi ọjọ́ kọ? Ó mu tíì tán. "Ìyàwó wa, mi ò ṣì í kọ."
Ó ní ọjọ́ kejì ọjọ́ tí sọ́jà dé ló yẹ kí àbúrò Khem jẹ ìrẹsì àkọ́jẹ, oúnjẹ àkọ́kọ́ tí ọmọ wa ń fẹnu kàn lẹ́yìn ọmú. Sọ́jà ò jẹ́ kí wọ́n dúró. Etí odò Mai, ní Nepal níbí, ni wọ́n sin ọmọ náà sí, ìrẹsì ò kàn án lẹ́nu. Ogúnjọ́ ni pándíìtì, àlùfáà wa, mú fún ìrẹsì Pabitra, ọjọ́ kẹtàdínlógún lọkọ̀ wa ń gbéra. "Ẹ̀ẹ̀kan ti tó," ló wí.

Ìrọ̀lẹ́. Mo ní kí pándíìtì bá mi tún ọjọ́ wò. Ó ní ogúnjọ́ lojú ọ̀run wí. Mo gbé elégédé tó tóbi jù lórí òrùlé wa síwájú rẹ̀. Ó tún ojú ọ̀run wò. Ó ní ọ̀la náà dára. Ó dára gan-an ni.
Mo jí ẹrù Ọba.

Ọjọ́bọ̀, 13
Pabitra jẹun! Ìrẹsì oníwàrà, ọwọ́ Bàbá ló ti kọ́kọ́ gbà á. Ó tu ú sí i ní irùngbọ̀n, ó lanu fún òmíràn. Bàbá ò nu irùngbọ̀n títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Bàbá wẹ̀, ó dé fìlà. Ó ka elégédé orí òrùlé, ó sì wò mí. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún yẹn náà ló fi rìn dé ọ́fíìsì, èmi àti Khem ń sáré tẹ̀ lé e. Akọ̀wé ọ́fíìsì bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni ní tòótọ́.
"Mọ́kàndínláàádọ́rin," ni Bàbá wí. "Àná ni mo dàgbà."