Àlàájì Mùnírù Àjàní, Ẹni Tó Ń Jí Ọkọ̀ Àtijọ́ Lójú Oorun (1941–1998)

Àwa ẹbí kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá síbi àdúrà ogójì ọjọ́ yìí, ẹ̀yin ará Jẹ́dà, ẹ̀yin ará Mẹ́kà, àti ẹ̀yin tí a óò fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí ní Ìwó. Ẹni tó kọ ọ́ kò kàwé púpọ̀. Níbi tó bá ti ṣe àṣìṣe, ẹ bá a tún un ṣe lọ́kàn yín. Kò ní kọ orúkọ ara rẹ̀ síbí, kò sì ní kọ nọ́ńbà ilé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé náà ti mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá kà á tán, ẹ mú un lọ sílé, ẹ má ṣe gbàgbé rẹ̀ sínú takisí.

Ìlú Ìwó ni a bí olóògbé sí, ní agboolé àwọn alágbẹ̀dẹ, ní ọdún 1941. Bàbá wọn ni Olóògbé Abdulhadi, tó ń rọ ọkọ́ àti àdá. Ìyá wọn ni Olóògbé Suwaibat, aláró. Ìyá wa máa ń sọ pé nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa wà lọ́mọ ọwọ́, ìró ẹwìrì bàbá wa ni wọ́n fi ń sùn. Tí ẹwìrì bá ń mí, àwọn náà á máa mí. Tó bá dákẹ́, wọ́n á lajú sílẹ̀, wọ́n á máa wo òkè àjà.

Ilé kéwú ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, wọ́n sì ka Kùránì délẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjìlá. Ilé ìwé aláàkọ́bẹ̀rẹ̀, kíláàsì mẹ́rin péré ni. Ní ọdún 1955 bàbá wa mú wọn lọ sí Mókọ́lá ní Ìbàdàn, sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ọdún méje ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́, wọ́n sì gba fíríìdọ̀ọ̀mù ní 1962. Ohun méjì ni ọ̀gá wọn kọ́ wọn tí wọn kò fi sílẹ̀ títí dọ́jọ́ ikú. Ọ̀kan ni pé kí a tó tú ẹ́ńjìnì, kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń sọ. Wọ́n á fi orí igi gígùn kan kan ẹ́ńjìnì náà, wọ́n á gbé etí lé orí kejì, wọ́n á dijú. Èkejì ni pé tí a bá ń kun ọkọ̀ tó ti gbó, kí a fi ibì kan sílẹ̀ tó tó àtẹ́lẹwọ́, níbi tí ojú kò ti ní rí i, kí ọ̀dà ti tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí ọkọ̀ náà lè máa rántí ara rẹ̀ ni.

Ní ọdún 1970 wọ́n gbé Àlàájà Bilikis níyàwó, ìyá Abdullah àkọ́bí wọn. Mọ́ríìsì kékeré kan tí wọ́n fúnra wọn tún ṣe ni wọ́n fi gbé ìyàwó, ó sì dákẹ́ sójú títì kí wọ́n tó délé. Ọkọ ìyàwó bọ́ agbádá, wọ́n ti orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìyàwó jókòó nínú oòrùn. Àlàájà kò gbàgbé rẹ̀. Títí di ọdún tó kọjá, tí àlejò bá wọlé, wọ́n á ní, “Ọkọ̀ ló fẹ́ èmi o. Bàbá Abdullah kàn wà á wá ni.”

Ọdún 1979 ni Ọlọ́run pè wọ́n sí Hájì. Wọ́n lọ, wọn kò padà. A kò ní fa ọ̀rọ̀ yẹn gùn. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ bó ṣe ń rí. Àlàájà bá wọn ní 1984, àbúrò wọn dé ní 1988, ó ń gbé lórí òkè ní Nakkasah ní Mẹ́kà. Kò sí ẹni tó ní ìkámà nínú wa, ìwé tí a fi ń gbé ìlú yìí. Ẹni tí kò bá ní in, ó mọ ìró bàtà ọlọ́pàá yàtọ̀ sí ìró bàtà ẹlòmíì.

Ilé tí wọ́n gbà ní Ghulail ní Jẹ́dà ní àgbàlá kan tó fẹ̀ díẹ̀. Páànù mẹ́rin ni wọ́n fi bo apá kan rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sọ di wọ́kíṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ tuntun kò wù wọ́n. Ọkọ̀ tí gbogbo ayé ti fi sílẹ̀, tó ti dípẹtà, tí àdàbà ti yé ẹyin sínú rẹ̀, òun ni wọ́n ń wá. Wọ́n jí Pijó onítakisí ará Sudan kan lójú oorun, wọ́n jí Mẹ̀sí dúdú kan tó ti wà nínú iyanrìn fún ọdún mẹ́wàá. Igi tí wọ́n fi ń gbọ́ ẹ́ńjìnì ní Mókọ́lá kò bá wọn wá, nítorí náà orógùn Àlàájà ni wọ́n ń lò. Ìjà orógùn yìí, gbogbo Ghulail gbọ́ ọ. Àlàájà á ní, “Bàbá Abdullah, ọbẹ̀ ń rùn bí epo mọ́tò!” Ẹ̀gbọ́n wa á ní, “Ìyá Abdullah, ẹ́ńjìnì náà ń rùn bí ọbẹ̀, mi ò bá a jà.”

Ẹ̀sìn wọn kò ní ariwo nínú. Wọn kì í pa ìrun jẹ, wọn kì í sì í tan ẹ́ńjìnì tó ti dákẹ́ pẹ́ láìkí rákà méjì. Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, tí afẹ́fẹ́ òkun bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wọ àgbàlá, wọ́n á kó àwọn ọmọ méjì tí wọ́n bí síbí, Muhsinah àti Ikhlas, sẹ́yìn ọkọ̀ tó bá wà nílẹ̀. Ọkọ̀ náà kò ní táyà, orí búlọ́ọ̀kù ló wà. Ẹ̀gbọ́n wa á di sítíárìn mú. “A ti kúrò ní Ìbàdàn. Ẹ wo odò Aṣẹ́jirẹ. Ẹ rọra, ewúrẹ́ ń kọjá.” Àwọn ọmọ tí kò rí Ìwó rí á máa wo ara ògiri bí ẹni tó ń wo igbó. Èdè Lárúbáwá ni Ikhlas fi ń béèrè, “Wasalna?”, ìyẹn ni pé ṣé a ti dé. Wọ́n á ní, “Ó kù díẹ̀.” Ojoojúmọ́ ni, ó kù díẹ̀. Oorun á gbé àwọn ọmọ lọ kí wọ́n tó dé Ìwó.

Ní ti iṣẹ́ ìlú, kò sí òkú ará wa kan ní Ghulail tí wọn kò bá wọn gbé. Wọ́n ti rí èyí tí a sin láìsí ẹbí kan nítòsí, tí ẹnikẹ́ni kò lè jáde sọ pé tèmi ni. Ìyẹn ló bà wọ́n lẹ́rù jù láyé. Wọ́n máa ń sọ fún àbúrò wọn pé, “Tí mo bá kú, kí wọ́n kírun sí mi lára ní mọ́sálásí Haramu ní Mẹ́kà. Kí ìwọ sì wà níbẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n sin mí bí ọkọ̀ tí kò ní olówó.” Àbúrò wọn á ní kí wọ́n yéé sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1995, níbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ ní ilé ńlá kan ní Obhur létí òkun, wọ́n rí ohun kan lábẹ́ tapólì, gígùn bí ẹja àbùùbùtán. Ṣẹfurolẹ́ẹ̀tì ọdún 1955 ni. Iyọ̀ òkun ti jẹ ẹ́ dé egungun. Bàbá onílé, Salih, sọ fún wọn pé ọkọ̀ náà ni òun fi gbé ìyàwó òun, Fawziyya, láti Mẹ́kà wá sí Jẹ́dà, àti pé láti ìgbà tí Fawziyya ti kú, ẹnikẹ́ni kò ṣí i. Ẹ̀gbọ́n wa gbé etí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ọkọ̀ tí kò tan láti ọdún mẹ́rìnlá. Bàbá Salih rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Kí ló sọ fún ọ?” Ẹ̀gbọ́n wa ní, “Kò tíì kú. Ó ń retí yín ni.” Bàbá Salih kò rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn méjèèjì ṣe àdéhùn pé lọ́jọ́ tó bá tan, àwọn jọ máa gbé e lọ sí Mẹ́kà, ẹ̀gbọ́n wa ní ìjókòó iwájú.

Ọdún mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà nínú àgbàlá Ghulail. Wọ́n fi ọwọ́ lu irin tó ti jẹrà, wọ́n gé tuntun sí i, wọ́n fi sánpépà fá a títí ó fi ń dán bí ojú omi. Wọ́n kun ún ní àwọ̀ òféfèé bíi ti ojú sánmà, èyí tó ní nígbà ìgbéyàwó Bàbá Salih.

Ọdún 1997 dé, ìjọba fún àwọn tí kò ní ìwé láyè láti lọ sílé láìsí ẹ̀wọ̀n. Àbúrò wọn sọ̀kalẹ̀ láti Mẹ́kà wá bẹ̀ wọ́n. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ. Abdullah ti bímọ nílé, ẹ ò rí wọn.” Wọ́n ń nu kabúrétọ̀, wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, “Mo ṣèlérí fún arúgbó. Ìwọ máa lọ.” Àbúrò wọn bínú, ṣùgbọ́n òun náà kò lọ. Kò lè fi wọ́n sílẹ̀. Àyè náà sì kọjá.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1998, lẹ́yìn rákà méjì, ọkọ̀ náà tan. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ó kọ́kọ́ wúkọ́, ó wá ń mí. Ẹ̀gbọ́n wa jókòó sílẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti táyà. Bàbá Salih wá wà á lọ sílé wọn, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ fún ìrìn Mẹ́kà. Kí Jímọ̀ náà tó pé, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun ẹ̀gbọ́n wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò ní ilé ìwòsàn kan ní Jẹ́dà. Wọ́n dágbére fáyé ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, 1998.

Ibí ni ó ti ṣòro láti kọ. Àlàájà pe ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ Nakkasah, wọ́n ní kí a pe àbúrò ọkọ àwọn. “Ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n yín ti lọ. Ilé ìwòsàn ní kí ọkùnrin kan nínú ẹbí wá sọ pé òun mọ̀ wọ́n, kí ó fọwọ́ síwèé. Bí kò bá sí, wọ́n á sin wọ́n bí ẹni tí kò ní ẹnì kan.” Àbúrò náà ní òun ń bọ̀. Kò lọ. Ó jókòó sínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá dé tábìlì akọ̀wé ilé ìwòsàn yẹn, wọ́n á bi í ní ìkámà. Wọ́n á mú un, wọ́n á dá a padà sílé, àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé e á dá wà. Ó rò ó títí Ọjọ́rú fi kọjá, ó rò ó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ọlọ́run mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn, àwọn ọmọdé Nakkasah bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ọkọ̀ òféfèé kan ń gun òkè bọ̀, jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé omi rù, oòrùn ń ti ara rẹ̀ padà sára ògiri. Bàbá Salih ni, àwọn nìkan. Àlàájà ló sọ fún wọn, tó sì júwe ilé. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ni ìjókòó yìí. Wá bá a jókòó síbẹ̀.”

Lójú ọ̀nà wọ́n ní, “Nígbà tí a bá débẹ̀, dákẹ́. Èmi ni mo máa sọ̀rọ̀. Màá ní ọmọ iṣẹ́ mi ni ọ́.” Àbúrò náà ní ó dára. Nígbà tí wọ́n dé iwájú tábìlì, akọ̀wé béèrè pé, “Ta ni ẹ jẹ́ sí òkú?” Bàbá Salih la ẹnu. Àbúrò olóògbé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìyá kan náà ló bí wa.” Ó dárúkọ ara rẹ̀. Akọ̀wé ní kí ó tún orúkọ náà pè, ó kọ ọ́, ó lu òǹtẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Kò béèrè ìwé. Bóyá ó mọ̀, bóyá kò mọ̀. A kò mọ̀ títí di òní.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ọkọ̀ tó gbé òkú wà níwájú, ọkọ̀ òféfèé ń tẹ̀lé e, Àlàájà àti àwọn ọmọ méjèèjì wà lẹ́yìn. Níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti ń yẹ ìwé wò kí a tó wọ Mẹ́kà, ọ̀kan dá wa dúró. Àbúrò olóògbé ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìjókòó, ó di irin rẹ̀ mú. Ọwọ́ rẹ̀ kan ibì kan tí ọ̀dà rẹ̀ kò dán bíi tòkè, tó rí ṣákaṣàka, tó tó àtẹ́lẹwọ́. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó fi síbẹ̀. Ọlọ́pàá náà ń wo ọkọ̀ láti orí dé ìdí. Ó ní, “Bàbá, mọ́dẹ́ẹ̀lì ọdún wo nìyí? Ta ló tún un ṣe?” Bàbá Salih nawọ́ sí ọkọ̀ òkú tó wà níwájú, wọ́n ní, “Ẹni tó wà nínú ìyẹn ni.” Ọlọ́pàá náà fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, “Kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀. Ẹ máa lọ.”

Nígbà tí òpó mọ́sálásí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín òkè, Ikhlas béèrè láti ẹ̀yìn, “Wasalna?” Àlàájà fà á mọ́ra.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ wọ́n kírun sí wọn lára ní Haramu, pẹ̀lú èrò tí a kò lè kà. Àbúrò wọn wà níbẹ̀. Òun ló wọ inú ibojì gbé wọn kalẹ̀.

Wọ́n fi aya sáyé lọ, Àlàájà Bilikis. Àwọn ọmọ mẹ́ta, Abdullah ní Ìwó, Muhsinah àti Ikhlas ní Jẹ́dà. Àwọn ọmọ-ọmọ méjì tí wọn kò fojú rí, Mustaqeem àti Hasna. Àti àbúrò kan ṣoṣo, Abdulganiyu, ọmọ Abdulhadi alágbẹ̀dẹ, ará Nakkasah. Òun ló kọ ìwé yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi, Àjàní, kí Ọlọ́run fi ìmọ́lẹ̀ kún ibi tí ẹ wà, kí ó mú un fẹ̀ fún yín. Ikhlas béèrè, mo ń dá a lóhùn báyìí: a ti dé. Ẹ sọ sítíárìn sílẹ̀. Ẹ sùn re o.