Má Wá Gbé Alága Mọ́, Ilé Ni Mo Ti Ń Lo Oògùn Ikọ́ Ife

                                                            Yàrá Kẹta,
                                                            Ẹ̀yìn Ilé Ìfọṣọ.
                                                            Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi Tẹ́ẹ́rẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ ẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti san, àbí ó ṣì ń fi ṣe àwáwí tó o bá ní kó pọnmi? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti yéé jẹ yẹ̀pẹ̀? Màmá ńkọ́, orúnkún wọn ńkọ́? Mo kí gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwọ ni mo kí lẹ́ẹ̀mejì, torí ìwọ lo máa ka lẹ́tà yìí sí wọn létí, má sì ka gbogbo ẹ̀ o. Tèmi náà, mo wà. Ara ò tíì le tán, àmọ́ ẹnu ò kú, bó o ṣe máa rí i.

Lẹ́tà tó o kọ pé ò ń bọ̀ wá gbé Alága ọmọ mi lọ lọ́jọ́ Sátidé ti dé. Jọ̀ọ́, má wá gbé e mọ́. Mo mọ̀ pé èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé o ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́, o sì ti tún ibi tó máa sùn ṣe. Bínú sí mi díẹ̀, kó o wá jókòó kí n rò fún ẹ, torí lọ́jọ́ tí mo kọ̀wé sí ẹ, ẹ̀rù ló mú bírò, n ò lè sọ ìdí ọ̀rọ̀.

Ikọ́ ife ló ń ṣe mí. Má ju ìwé yìí nù, kì í gba inú ìwé ran èèyàn. Nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí tìẹ ni mo ṣe bi í.

Ṣó o rántí pé mo ti ń wúkọ́ látìgbà tí Alága ti pé oṣù mẹ́ta? Mo ní ooru áyọ́ọ̀nù ni. Ọ̀gá wa nílé ìfọṣọ ní ọṣẹ ni. Ọkọ mi, tó jẹ́ pé irin ló ń jó látàárọ̀ dalẹ́, tí èéfín ti sọ ihò imú ẹ̀ di ẹnu ààrò, òun ló ní ṣe ni mò ń fi ikọ́ ṣọ̀lẹ. Mò ń rù. Síkẹ́ẹ̀tì ń já bọ́ nídìí mi. Mò ń làágùn bí ẹni tó jí ewúrẹ́ tí ewúrẹ́ ń ké. Nígbà tó wá burú, mo wúkọ́ sórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun oníbàárà kan, ẹ̀jẹ̀ tó kán lé kọ́là ẹ̀ tó èékánná. Ọ̀gá wa wo ẹ̀jẹ̀, ó wò mí, ó ní kí n gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ kí n máa lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní òpópónà kejì. Kò gbàgbé láti ní kí n kọ́kọ́ rẹ ṣẹ́ẹ̀tì náà sómi.

Ike kékeré oníderí ni wọ́n fún mi lọ́hùn-ún. Wọ́n ní kí n lọ síta níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí n ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀ àyà. Mo tutọ́ sí i, nọ́ọ̀sì ní òun ò bèèrè itọ́. Mo padà lọ. Nígbà tí mo dé, ó gbé e sókè wò, ó ní èyí dáa gan-an. Tẹ́ẹ́rẹ́, látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, yàtọ̀ sí Alága, kò sẹ́ni tó tíì yin nǹkan tó tara mi jáde rí.

Ọjọ́ tí èsì jáde, tí wọ́n dárúkọ àìsàn náà, etí mi di. Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn nìkan ni mò ń rò. Nọ́ọ̀sì ń sọ̀rọ̀, èmi ń wo ẹnu ẹ̀ bó ṣe ń mì. Ó ní ilé ni màá ti máa lo oògùn, oṣù mẹ́fà, n ò sì gbọ́dọ̀ fo ọjọ́ kan. Ó ní kí n wá ẹnì kan nínú ilé tí á máa wò mí bí mo ṣe ń gbé e mì. Kí n máa bo imú àtẹnu, kí fèrèsé máa wà ní ṣíṣí, kí n máa fọ́mọ lọ́mú torí àìsàn náà kì í bá ọmú wọlé, àmọ́ kí èmi àtọmọ má sùn sí yàrá kan náà fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ó fún Alága náà ní oògùn tiẹ̀ tí kò ní jẹ́ kó mú un. Wọ́n yẹ gbogbo ará ilé wò, kò sí lára wọn.

Mo bi í pé ibùsùn mi ńkọ́. Ó ní ibùsùn wo? Ó ní oògùn kan náà ni wọ́n ń lò nílé ìwòsàn ńlá, wọn ò fi oyin sí tọ̀hún. Mo wo ojú ẹ̀, mo ní lọ́kàn mi pé ó ti parí. Ẹni tí wọ́n bá lè wò sàn ni wọ́n ń dá dúró. Ẹni tí wọ́n bá ti rí i pé kò sí nǹkan tí àwọn fẹ́ fi ṣe mọ́ ni wọ́n ń sọ fún pé kó máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi o. Orí ara mi ni mo fi rò ó, mo sì gbà á gbọ́ ju ti nọ́ọ̀sì lọ.

Ní ti ẹni tí á máa wò mí, nọ́ọ̀sì ní kí n má mú aláàánú. Ìyẹn ò le. Ìyá ọkọ mi wà níbẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi dúró lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ bísíkíìtì, iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n máa yẹ ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ wò nígbà tí wọ́n bá ń relé, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbé ọjà jáde. Wọ́n ní tí èèyàn bá kàn kí àwọn pé ó dàárọ̀, àwọn á ti mọ èyí tó jẹ. Ṣé wàá gbà pé inú wọn dùn sí iṣẹ́ tuntun yìí? Ní aago méje àárọ̀, wọ́n á gbé àpótí síwájú mi, wọ́n á ka oògùn sí mi lọ́wọ́, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á ní, "Là á. Gbé ahọ́n sókè. Apá òsì." Ọkọ mi ń kọjá lọ, ó bi wọ́n bóyá wọ́n rí bísíkíìtì kankan níbẹ̀. Wọ́n ní kóun náà wá la tiẹ̀. Ó sá lọ síbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, mo tọ̀, mo rí i pé ìtọ̀ mi pọ́n bí epo. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé oògùn náà máa ń mú kí ìtọ̀ pọ́n, àmọ́ inú àwọn ọ̀rọ̀ tí n ò gbọ́ nìyẹn wà. Mo ní ẹ̀dọ̀ mi ló ń yọ́ bọ̀ yẹn. N ò sọ fún ẹnì kankan. Mo di aṣọ, mo di ìrọ̀rí, mo kó abọ́ àti ṣíbí sínú garawa, mo gbé gbogbo ẹ̀ rù, ó di ilé ìwòsàn ńlá. Mo fẹ́ kí wọ́n gbà mí kí n tó kú sí ọmọ lọ́rùn. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín, mo sì gun àtẹ̀gùn dé òkè kẹta.

Dókítà kékeré kan tó ń jẹ ẹ̀pà ló dá mi lóhùn. Ó wo garawa, ó bi mí bóyá èmi ni mo rù ú gòkè. Mo ní èmi ni. Ó fi ìka hàn mí lójú gíláàsì, obìnrin kan wà lórí ibùsùn níbẹ̀ tí wọ́n ń bá gbé orí sókè kó tó lè mumi. Ó ní, "Ìyá ìkókó, irú ìyẹn la ń dá dúró. Ẹni tó lè ru garawa gun àtẹ̀gùn, ilé ló ti ń lo oògùn." Mo wá yọ ọ̀rọ̀ ìtọ̀ síta. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi há a lọ́fun, èmi aláìsàn ni mo wá ń gbá a lẹ́yìn.

Bí mo ṣe padà sílé nìyẹn pẹ̀lú garawa mi. Ẹ̀rù ikú lọ, èyí tó burú jù ú lọ sì jókòó. Tí n ò bá ní kú, ṣebí mo lè pa ọmọ? Èémí mi ni mò ń sá fún. Mo kó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mò ń fún ọmú sínú ife bí ẹni ń fún màlúù, ìyá ọkọ mi ń fi ṣíbí bu ú fún Alága. Ọ̀sẹ̀ méjì pé, nọ́ọ̀sì ní kí n gbé ọmọ mi. Mo ní mo ti gbọ́, n ò gbé e. Ọ̀sẹ̀ kẹrin pé, n ò gbé e. Ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó bí ajá ṣe ń wo ẹran lórí tábìlì. Ìgbà yẹn ni mo kọ̀wé sí ẹ.

Lẹ́tà tìẹ wá dé lánàá. O mọ̀ pé ìwé kíkà mi ń falẹ̀, kí n tó tú u, ọkọ mi ti gbà á, ó ń kà á sókè. Nígbà tó dé ibi Sátidé, ohùn ẹ̀ wọlé. Ìyá ọkọ mi ń fọ ife. Mo ti ń retí èébú, mo tiẹ̀ ti to tèmi kalẹ̀. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n jókòó.

"Ó ṣe èmi náà rí," wọ́n ní. "Ikọ́ yìí. Ọkọ ẹ ò tíì pé ọdún méjì. Nígbà tiwa, ibùsùn ni, wọn kì í bi èèyàn. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀. Wọ́n tọ́jú mi, mo sanra. Nígbà tí mo dé, ó sá sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi tó bá mi tọ́jú ẹ̀, ó ní ta nìyí."

Ọkọ mi fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó panu dé, àfi bíi pé n ò gbọ́ ọ dáadáa, torí n ò tíì gbọ́ kí wọ́n ní kí ẹnì kankan panu dé rí.

"Títí dòní," wọ́n ní, "tí nǹkan bá dùn ún, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbà lọ. Ìwọ tí wọ́n ní kó o jókòó ti ọmọ ẹ, ò ń ránṣẹ́ pe ẹni tí á gbé e lọ. Ṣé orí ẹ pé?"

Gbogbo èyí tí mo ti tò kalẹ̀, mo gbé e mì bí oògùn àárọ̀.

Láàárọ̀ yìí, a lọ gba èsì oṣù méjì. Nọ́ọ̀sì ní kò sí kòkòrò kankan nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi mọ́, àmọ́ oṣù mẹ́rin ṣì kù o, tí mo bá dá oògùn dúró, á padà wá, á sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó wá wo Alága lẹ́yìn ìyá àgbà, ó bi mí pé ṣé ẹ̀yìn mi ló kán ni. Ìyá ọkọ mi ò dúró gbọ́ ìdáhùn. Wọ́n tú ọ̀já, wọ́n gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, wọ́n káwọ́ gbera.

Alága wò mí bí ẹni wo agbowó-orí. Ó bú sẹ́kún. Mo ní ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà nìyẹn. Mo fẹ́ gbé e padà, ìyá ọkọ mi ń wo òkè ilé. Ni mo bá yọ ọmú síta níbẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì lójú gbogbo èèyàn. Ó gbóòórùn ẹ̀. Ẹkún rọlẹ̀. Ó gbà á, ó ń mu, ó fi ọwọ́ kan di kọ́là aṣọ mi mú bí ọlọ́pàá. Àfi ìgbà tó gé mi jẹ. Mo pariwo, gbogbo bẹ́ǹṣì yíjú. Mo ki ìka bọ ẹnu ẹ̀, eyín méjì ló wà nísàlẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ mi hu eyín méjì, èmi sì wà nínú ilé kan náà, n ò mọ̀.

Torí náà, má wá gbé e. Tí wọn ò bá gba àyè tí wọ́n fún ẹ padà, wá kí wa, a máa jókòó síta níbi atẹ́gùn.

Bá mi kí Màmá, bá mi kí ọkọ ẹ, kó o bá mi fa etí àwọn ìbejì. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́, má bínú. Eyín tó kù ní ẹnu Alága, ìṣojú mi ló ti máa hù.

Èmi tìẹ náà ni, tí wọn ò rí ibùsùn fún,

Ìyá Alága