Bí Mo Ṣe Ní Kí Bàbá Lọ Sùn

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ̀ bóyá lẹ́tà ń dé ọ̀dọ̀ yín, èmi náà ò sì mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ọmọkùnrin tí ìyàwó mi bí lẹ́yìn tí ẹ lọ, Babátúndé la sọ ọ́, Bàbá la sì ń pè é nílé. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, kì í sùn. Nítorí pé ẹ̀yin fi gbogbo ayé yín ṣọ́ ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú lóru, àdúgbò ti gbà pé ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ ni. Màmá ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á po tíì dúdú fún un, irú èyí tẹ́ ẹ máa ń mu kẹ́ ẹ tó lọ ṣọ́lé, ṣúgà rẹpẹtẹ. Tí mo bá jágbe mọ́ ọn pé kó lọ sùn, wọ́n á bi mí bóyá orí mi pé, àbí ta ni mò ń bá wí bẹ́ẹ̀?

Èmi náà ò wá sùn mọ́. Níbi tí mo ti ń gé pépà nílé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo tòògbé, mo gé orúkọ ìyàwó kúrò lára ìwé ìpè ìgbéyàwó. Odindi páálí kan! Ọkọ nìkan ló kù tó fẹ́ gbé ara ẹ̀ níyàwó. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín o.

Ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Ọmọ yìí sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì nílé ìwé, ó ṣubú, ètè ẹ̀ ya. Nọ́ọ̀sì tó bá a rán ètè náà ní ilé ìwòsàn Fọlá Àgoro bi mí nípa ohun tó ń mu lálẹ́. Mo ní tíì. Ó wò mí títí ojú fi tì mí. Ó ní kí n dá tíì dúró, kí n gba fóònù tó fi ń ṣeré lóru lọ́wọ́ ẹ̀, kó máa sùn ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kí ẹnì kan sì lẹ́nu lórí ẹ̀ nílé.

Wàhálà dé. Ta ló lẹ́nu lórí Bàbá?

Mo bá sọ ọ́ di Àkànní. Àkànní, gbé fóònù sílẹ̀. Àkànní, ó yá, orí ẹní. Ó ké, ó ta mí nípàá, ṣùgbọ́n ó ti ń sùn báyìí, Bàbá, ó ń hanrun bí àgbà.

Màmá ò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní mo ti lé yín jáde. Ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ dárí jì mí, ètè ọmọ ló ya. Àmọ́ látìgbà tó ti di Àkànní, kò sẹ́ni tí mò ń pè ní Bàbá nílé yìí mọ́.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ojú ẹ̀ ṣì là sílẹ̀.