Ìkẹ́dùn Lórí Alàgbà Timothy Àkàndé, Pẹ̀lú Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ibi Tí Ẹ Ó Sin Wọ́n Sí

Sí Ọ̀gbẹ́ni Gideon Àkàndé àti gbogbo ẹbí,

Pẹ̀lú omi lójú ni gbogbo àwa Ẹgbẹ́ Oníṣòwò Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjà Laranto nílùú Jos fi ń bá yín kẹ́dùn ikú bàbá yín, Alàgbà Timothy Àkàndé. A kò sì ní fi pamọ́ fún yín pé ẹ̀rù ń bà wá.

Naraguta, nítòsí Jos níbí, la ti bí wọn lọ́dún 1948. Wọ́n wà lára àwọn ọmọ iléèwé tó ń ju àsíá lọ́jọ́ tí Nàìjíríà gbòmìnira. Ìdí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tà fáwọn awakùsà ni ogun abẹ́lé ti bá wọn. Iṣẹ́ kùsà kógbá sílé, wọ́n dúró sí Jos. Nígbà rògbòdìyàn ọdún 2001, wọ́n kó àwọn aládùúgbò, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, sínú ọgbà wọn, wọ́n sì jókòó ti géètì títí sójà fi dé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọjà ńlá jóná pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù wọn. Abẹ́ agboòrùn ni wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ ní Laranto, wọ́n sì ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé àwa tí ṣọ́ọ̀bù wa kò jóná là ń sunkún ju àwọn lọ.

Inúmidùn, àbúrò yín, sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn nílé ìwòsàn ni "Ku kai ni gida", ìyẹn, ẹ gbé mi lọ sílé, lédè Haúsá. Nítorí rẹ̀ lẹ ṣe ń múra láti gbé òkú wọn gba ojú títì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa. Bàbá kì í pe Ògbómọ̀ṣọ́ ní gida. Tí wọ́n bá ń lọ síbẹ̀ fún Kérésì, "ilé" ni wọ́n máa ń sọ pé àwọn ń lọ. Ṣùgbọ́n tí ọjà bá tú, tí wọ́n ń padà sí Naraguta, níbi tí ẹ sin ìyá yín sí, wọ́n á ní gida làwọn ń lọ. Àwa tá a ń bá wọn jókòó lójoojúmọ́ kò gbọ́ ọ kó yí padà rí.

A kò lè búra pé ohun tó wà lọ́kàn wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ojú ọ̀nà yẹn ṣe rí báyìí, àti pé àwọn kan gba ibẹ̀ tí ajínigbé kó lọ, tí a kò tíì rí wọn dòní. Inúmidùn àtàwọn ọmọ yín lẹ fẹ́ kó sínú ọkọ̀ tí yóò gba ibẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá gbà, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ti ṣe tán láti gbẹ́ ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá yín. Bẹ́ ẹ bá sì ní dandan ni Ògbómọ̀ṣọ́, a ó sìn yín lọ, ẹ̀rù ì báà máa bà wá. Ẹ ṣáà fún wa lésì kí Ọjọ́bọ̀ tó dé.

Kí Ọlọ́run rẹ ẹbí lẹ́kún, kó tù yín nínú, kó má sì jẹ́ ká ti ibi ìsìnkú bàbá bọ́ sí ti ọmọ.

Ọláṣùmbọ̀ Ojúọlápé,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́