Ìrẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ìrẹ̀ Èkó

Bàbá mi tó sùn sí Ìjẹ̀bú,

Láti àárọ̀ ni mo ti ń jókòó, tí mo tún ń dìde. Ẹ ní kí Màmá máa gbé ilé tí ẹ kọ́ sí Ìjẹ̀bú lẹ́yìn yín, a sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti mú wọn padà wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Iṣẹ́ tísà náà ni mo ṣì ń ṣe. Ní táàmù yìí, mo fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi fi oríṣi ìrẹ̀ méjì wéra. Àbúrò yín, Bàbá Kékeré, fi àwọn ńlá ránṣẹ́ láti oko Ìjẹ̀bú, irú èyí tí ẹ máa ń sun, tí ẹ ó já orí rẹ̀ kúrò kí ẹ tó fún mi jẹ. Èmi fúnra mi mú àwọn kéékèèké lábẹ́ òkúta balùwẹ̀ wa. A da iyanrìn sínú abọ́ méjì.

Ẹbí kan náà ni wọ́n. Inú ilẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń yé ẹyin sí. Ọmọ wọn á jọ ìyá rẹ̀ láìní ìyẹ́, á máa bọ́ awọ títí ìyẹ́ á fi hù. Akọ wọn á sì máa fi ìyẹ́ ha ìyẹ́ kọrin. Ṣùgbọ́n ti ilé kò mọ àsìkò. Kí táàmù tó parí, ọmọ ti kún abọ́, wọ́n ń jẹ èèpo àlùbọ́sà, wọ́n ń jẹ páálí. Kì í gbẹ́ ihò; ibi tí ògiri bá ti lanu ló ń wọ̀. Ti oko ní tiẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń bímọ. Àfi kó gbẹ́ ihò jíjìn, kó wọ́ ewé wọlé, kó fi yẹ̀pẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Nínú abọ́, kíá ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ìsàlẹ̀. Ó ń gbẹ́ yíká, kò jẹun.

"Àǹtí, ṣé kò rẹ̀ ẹ́ ni?" Ọmọbìnrin kan ló bi mí bẹ́ẹ̀. Kí n tó mọ ohun tí mo lè ṣe, gbogbo ti oko ti kú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ kí Màmá. Epo ọkọ̀ wọ́n, mo dúró títí ní Obalende. Nígbà tí mo dé Ìjẹ̀bú, Màmá ti rù. Ilé mọ́, oúnjẹ wà, Bàbá Kékeré ń tọ́jú wọn dáadáa. Síbẹ̀ wọ́n ń rìn láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá. Ẹni tí wọ́n bí sí Pópó Àgùdà l'Ékòó, tó ta léèsì ní Balógun títí orí fi funfun.

"Màmá, kí lẹ ń wá?"

"N ò mọ̀, ọmọ mi. N ò kàn lè jókòó ni."

Inú Bàbá Kékeré kò dùn. "Ìyàwó wa ni wọ́n. Ibí ni ọkọ wọn sùn sí." Síbẹ̀, mo di ẹrù Màmá. Màmá lọ sí ibojì yín, wọ́n ṣe àdúà, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n bá yín sọ fún mi. Ṣé ẹ gbọ́ wọn? Ṣé ẹ yọ̀ǹda?

Yàrá mi níbí kéré, àtẹ̀gùn ilé yìí sì ń dun orúnkún Màmá. Nígbà mìíràn wọ́n á ní ọ̀nà ibojì yín ti jìn jù, ọkàn mi á sì dàrú.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ti sùn lọ sórí àga, ìborùn wọn ti já sílẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti rí wọn kí wọ́n sùn báyìí. Bàbá, bí ẹ bá ń bínú, èmi ni kí ẹ bá wí. Ẹ má jí wọn.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí àárò yín ń sọ.