Mo Ti Wọn Balùwẹ̀ Náà fún Gbogbo Wa

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé ọkọ rẹ ń lọ síbi iṣẹ́, ó sì ń padà bọ̀ wálé láyọ̀? Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ńkọ́, ṣé ó ń jẹun, ṣé ikọ́ tó ń wú lọ́jọ́sí ti fi í sílẹ̀? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ẹni tó dá wa sí di òní ni yóò máa dá ẹ̀yin náà sí, ẹ ò ní rí ohun tó máa ba ayọ̀ yín jẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ẹ, ó tún ní kí n kí ẹ lẹ́ẹ̀kejì, torí ó ní mo máa ń gbàgbé tòun bí mo bá ti wọnú ọ̀rọ̀. Mo ti kí ẹ lẹ́ẹ̀mejì báyìí o, tó bá bi ẹ́ léèrè kó o jẹ́rìí mi.

Ọ̀rọ̀ balùwẹ̀ ló jẹ́ kí n mú kálámù. Láti ọjọ́ tó o ti pè pé ká tún balùwẹ̀ ṣe látòkè délẹ̀, pé ká gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀, ká kọ gbogbo ohun tó máa náni, pé ìwọ àti ọkọ rẹ lẹ máa gbé ìnáwó rẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ mọ́. Inú mi ń dùn ṣìnkìn. Ìyá rẹ ní tòun ò ju kóun rí ibi tí òun ò ti ní ṣubú mọ́, ìwọ náà rántí bó ṣe yọ̀ nígbà òjò tó kọjá, tí ìbàdí rẹ̀ wú, tó sì ń purọ́ fún ẹ lórí fóònù pé ẹ̀fọn ló jẹ òun. Àmọ́ èmi mọ ohun tí mò ń wá ní tèmi. Ọdún kẹrin rèé tó o ti sùn nílé kẹ́yìn. Bó o bá dé láàárọ̀, ọ̀sán ò ní tíì pọ́n tí wàá ti máa wo aago. Ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé ọmọ wá nígbà tó ṣì wà lẹ́yìn, ọkọ rẹ wọ balùwẹ̀ lọ pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì, ojú nìkan ló bọ́ tó fi jáde. Mi ò bínú sí i. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti dúdú, páìpù ń sun, ilẹ̀kùn ò sì ṣeé tì, àfi kéèyàn máa kọrin káwọn tó wà níta lè mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀, a ò sì sọ fún un pé kó kọrin. Ìyá rẹ ní kì í ṣe balùwẹ̀ ni ò jẹ́ kó o sùn, pé iṣẹ́ ni. Mo ní ká kọ́kọ́ tún balùwẹ̀ ṣe ná, ká wá wo ohun tí iṣẹ́ máa rí wí.

Mo ránṣẹ́ pe bíríkìlà tá a ń pè ní Má-kánjú, òun ló mọ ògiri ẹ̀yìnkùlé wa, ó fi ọdún méjì mọ ọ́n, ṣùgbọ́n ògiri náà ṣì dúró. Ó wọlé, ó fi ìka kan ògiri kó-kó-kó, ó mí kanlẹ̀, ó ní kì í ṣe sìmẹ́ńtì lèèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n ni. Ó ní kí n wọn ibẹ̀ dáadáa, kí n sì ro ti gbogbo àwọn tó máa lò ó. Ọmọ mi, èmi tí mo ti ń ránṣọ láti ogójì ọdún, ta ló fẹ́ kọ́ mi ní ìwọ̀n? Kí Má-kánjú tó dé ẹnu ọ̀nà, téèpù ti wà lọ́rùn mi.

Ìyá rẹ ni mo kọ́kọ́ wọ̀n, èjìká, ìbàdí, àtàtẹ́lẹsẹ̀ dé abíyá, àti ibi tọ́wọ́ rẹ̀ lè nà dé láìjẹ́ pé ìbàdí ń dùn ún, kí wọ́n lè gbé irin tó máa dì mú síbẹ̀. Òun náà wọ̀n mí, ó fa téèpù náà le mọ́ ikùn mi, ó ní kí n má mí. Ti ọkọ rẹ wà nínú ìwé ìwọ̀n mi láti ìgbà tí mo rán ṣòkòtò ìgbéyàwó rẹ̀, mo wá fi íǹṣì mẹ́ta kún un torí mo rí i nínú fọ́tò pé o ń tọ́jú rẹ̀. Tìrẹ náà wà níbẹ̀, ó ti pé ọdún mẹ́fà, mo fi nǹkan díẹ̀ kún un, mi ò ní kọ iye rẹ̀ síbí kó o má baà ní mo bú ẹ.

Ọmọ-ọmọ mi ni kò ní ojú ewé nínú ìwé mi. Ìgbà tó o wá pè wá lórí fóònù tó ń fi àwòrán hàn, mo ní kí ìyá rẹ di fóònù náà mú kó má gbọ̀n, mo sì fi téèpù wọn ọmọ náà látorí délẹ̀. Íǹṣì mẹ́rin géérégé ni. Lọ́sẹ̀ kejì tó o tún pè, tí ọmọ náà dúró lẹ́bàá fèrèsé lọ́hùn-ún, mo tún wọ̀n ọ́n, ó ti di íǹṣì kan ààbọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi ẹ́ lọ́jọ́ náà léraléra bóyá o ń fún ọmọ lóúnjẹ, tí o fi ń bínú sí mi. Má bínú mọ́. Má-kánjú ti ṣàlàyé fún mi pé fóònù kì í gbé èèyàn bó ṣe tóbi, pé kódà ilé alájà mẹ́ta ń wọnú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo mú bébà tí mo fi ń gé àpẹẹrẹ aṣọ, mo gé àga ìgbọ̀nsẹ̀, mo gé ibi ìfọwọ́, mo gé ibi tí omi á ti máa rọ̀ látòkè, gbogbo rẹ̀ ní bó ṣe máa tóbi gan-an, mo tẹ́ wọn sílẹ̀ ní pálọ̀, mo fi òkúta lé wọn. Mo ní kí ìyá rẹ máa lọ, kó máa bọ̀, kó jókòó, kó dìde, ká wo ibi tí á ti há. Ó há lábíyá lóòótọ́, ìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn á máa gbá a ní orúnkún, la bá sún àga náà sí ọ̀tún. Má-kánjú dé, ó wo bébà, ó ní látìgbà tóun ti ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó tíì rán balùwẹ̀ fóun rí. Ìyá rẹ sọ pé òun ò ní dúró sábẹ́ omi tó ń rọ̀ látòkè, pé ta ló ń lọ sínú òjò nínú ilé ara rẹ̀. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé a máa gbé korobá àti ife ìbomi sí ẹ̀gbẹ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ táìsì tí wọ́n máa fi tẹ́ ilẹ̀ ló kù. O ní ká ra èyí tí kì í yọ̀. Gbogbo èyí tí onítáìsì fi hàn mí ló ń búra pé kì í yọ̀. Àmọ́ èmi kì í gbà lẹ́nu aláṣọ pé aṣọ rẹ̀ kì í ṣí láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Mo bá gbé korobá omi àti ọṣẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo tẹ́ mẹ́ta sílẹ̀, mo da ọṣẹ lé wọn, mo bọ́ bàtà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí wọn. Onítáìsì sáré jáde pé kí ni mò ń ṣe, ibi tó ti ń sáré bọ̀ ló ti gun èyí tó ń dán, ó sì fìdí jókòó. Èyí tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ò yọ̀ rárá. Mo gbé e dìde, mo bẹ̀ ẹ́, mo sì ra ti abẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó dín owó rẹ̀ kù fún mi kí n lè tètè máa lọ.

Owó tó o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ti dé báńkì. Mo lọ bá ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì pé kó bá mi fi rọ́bà dì í lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ti sìmẹ́ńtì lọ́tọ̀, ti páìpù lọ́tọ̀, ti iṣẹ́ ọwọ́ lọ́tọ̀, bá a ṣe kọ ọ́ sínú ètò ìnáwó, kí wọ́n má baà wọnú ara wọn. Ó ní báńkì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ojú kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà. Mo ní pẹ̀lú tàwọn ẹlòmíì? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo wẹ̀yìn wo àwọn tó tò, mo rí ẹlẹ́ran, mo rí ẹni tó ń ta epo ọkọ̀, ara mi ò lélẹ̀ mọ́. Wọ́n tún fún mi ní fọ́ọ̀mù pé kí n kọ ẹni tí owó náà máa bọ́ sí lọ́wọ́ bí mo bá kú. Mo rò ó títí, mo kọ Má-kánjú. Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ ohun tó jẹ́ sí mi, mo kọ bíríkìlà. Má jẹ́ kó dùn ẹ́, ìwọ lọmọ mi, àmọ́ bí mo bá kú lónìí, ẹkún lo máa kọ́kọ́ sun, òun á sì ti máa lẹ táìsì ní tiẹ̀.

Ìwé ìnáwó wà nínú lẹ́tà yìí, wò ó dáadáa. Wàá rí i nísàlẹ̀ pátápátá pé Má-kánjú kọ owó àìròtẹ́lẹ̀ síbẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo owó. Ìyẹn fẹ́ẹ̀ dá ìjà sílẹ̀. Mo ní kí ni àìròtẹ́lẹ̀. Ó ní ohun tá ò mọ̀ pé ó ń bọ̀ ni. Mo ní ta ló wá sọ fún un pé ó ń bọ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fóun, ó máa ń dé ṣáá ni. Mo ní tó bá máa ń dé, a ti mọ̀ ọ́n nìyẹn, kó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ kí n mọ ẹni tí mò ń sanwó fún. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń fà á. Ìyá rẹ ló là wá níjà. Ó gbójú sókè níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, ó ní, “Bàbá, kí lẹ máa ń fi sílẹ̀ nínú ojú rírán aṣọ ọmọdé?”

Ọmọ mi, kò sí aṣọ ọmọdé tí mo rán rí tí mi ò fi íǹṣì méjì sílẹ̀ nínú ojú rírán rẹ̀. Mi ò mọ ọjọ́ tí ọmọ náà máa ga, mi ò mọ bó ṣe máa ga tó, mo kàn ń fi í sílẹ̀ dè é ni. Mo bọ Má-kánjú lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni mo ta màṣíìnì ìránṣọ kékeré tó wà lábẹ́ tábìlì, èyí tí mi ò fọwọ́ kàn láti èṣí, mo sì yọ owó àìròtẹ́lẹ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀. Torí náà má fi ìyẹn kún tìẹ. Owó àga ìgbọ̀nsẹ̀, ti ilẹ̀kùn àti ti púlọ́mbà la ṣì ń retí lọ́wọ́ rẹ, jọ̀ọ́, kó tètè dé, kó má sì pẹ́ nínú báńkì láàárín owó ẹlẹ́ran.

Gbogbo nǹkan ti wà létò báyìí, àfi ẹyọ kan. Má-kánjú ní òun fẹ́ mọ bí ibi ìfọwọ́ ṣe máa ga tó kí ọmọdé lè dé e. Ìwọ ní ọmọ náà ti dé ọ ní ìbàdí, àmọ́ ìbàdí rẹ tó wà nínú ìwé mi ti pé ọdún mẹ́fà. Mi ò lè fi irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Mo sì mọ ohun tí ìyá rẹ ń torí rẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín bí mo ti ń kọ ọ́ yìí: ó ní èmi tí mo sọ pé balùwẹ̀ tí kò dáa ni ò jẹ́ kó o sùn ni mo wá ń pè ẹ́ síbi tí kò ní balùwẹ̀ rárá, torí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa fọ́ ti àtijọ́. Mo ti bẹ aládùúgbò wa pé kẹ́ ẹ lo tiẹ̀, ilẹ̀kùn tiẹ̀ ṣeé tì.

Onítáìsì tó ń bọ̀ wá rajà lọ́dọ̀ yín ló máa mú lẹ́tà yìí wá pẹ̀lú aṣọ kékeré kan. Àfojúbù ni mo fi rán an, ó lè tóbi jù. Fi abẹ tú ìṣẹ́tí rẹ̀ nísàlẹ̀, má fi eyín já a. Owó àìròtẹ́lẹ̀ wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀, owó ọkọ̀ yín ni. Má-kánjú ní páìpù lè bẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Tó bá bẹ́, kó bẹ́, a máa wá nǹkan ṣe sí i. Mú ọmọ náà wá kí n wọ̀n ọ́n. Ẹ sùn mọ́jú ọjọ́ kan péré.

Ilẹ̀ ò ní yọ̀ mọ́ ẹ lẹ́sẹ̀, ìwọ àti ọkọ rẹ. Omi ayọ̀ lẹ máa fi wẹ̀. Ọmọ tẹ́ ẹ bí á ga jù yín lọ, ẹ ó sì wà níbẹ̀ láti fojú rí i. Mo ti la ojú ewé kan sílẹ̀ fún un nínú ìwé ìwọ̀n mi, mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sókè. Mi ò tíì kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
aránṣọ.