Oríkì Ogun Ilé Wa Tó Dé Palmgrove

Ilé Jagun,
Ahoro-Jagun,
lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọkọ mi, àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ ní ilé ìtẹ̀wé yín ní Ṣómólú, ṣé ẹ̀rọ tó ń gé bébà yẹn kò tíì fi ọwọ́ kan ọwọ́ rẹ? Ojoojúmọ́ ni mo ń fi ìka rẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ṣé Bàrígà tòrò, ṣé omi ọ̀sà kò wọ yàrá rẹ nígbà òjò tó kọjá? Ẹni tó ń pa Ísírẹ́lì mọ́, tí kì í tòògbé, yóò máa ṣọ́ ọ. O kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Bàbá rẹ kí ọ, orúnkún wọn ṣì ń dùn wọ́n. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, ọ̀kan ń tiro díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń mu ọmú. Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi ọkàn mi nìkan ni kò sí nílé.

O ó ti rí i pé n kò fi orúkọ tí mo máa ń pè ọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Láti ọjọ́ tí o ti pè mí lórí fóònù, tí o ní kí n má pè ọ́ ní Atúlùúká mọ́ láéláé, pé mo ti ba ìgbéyàwó rẹ jẹ́, n kò tún gbúròó rẹ mọ́. Mo pè títí, o kò gbé e. Mo ní kí ọmọbìnrin pásítọ̀ bá mi fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ lórí Wọ́sáàpù, ó sì bá mi ṣe é, ó wá fi àmì méjì kékeré hàn mí, ó ní tí o bá ti gbọ́ ohun tí mo sọ, àmì náà yóò di àwọ̀ aró. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo àmì yìí láàárọ̀ lálẹ́, kò mu aró. Èmi tí mo pa aró kí n tó fẹ́ bàbá rẹ, mo mọ̀ pé bí nǹkan kò bá mu aró, ó lè jẹ́ pé oòrùn ni kò rí tó. Mo gbé fóònù mi sá sórí ilé adìẹ, bàbá rẹ sì ní orí mi ti ń dàrú. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi bá wọ́, fara dà á, ilé ìwé àgbà ti ṣọ́ọ̀ṣì kò tíì kọ́ wa dé ibi tí ọwọ́ yóò ti tọ́.

Jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi bó ṣe rí. Nígbà tí àwọn ará ilé Oyinkọ́lá rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Àbáyọ̀mí, wá ṣe ìwádìí wa, inú wa dùn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọmọ fúnni gbọ́dọ̀ wádìí. A pa adìẹ fún un. Ó bi bàbá rẹ léèrè bóyá àìsàn kan wà nínú ìdílé, bóyá a jẹ gbèsè, bóyá wèrè wà, bàbá rẹ dá a lóhùn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín pọ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó ní kí n sọ orúkọ rẹ fún òun ní kíkún, nítorí àwọn ọ̀dọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ ní Èkó kọ́ ni wọ́n ń jẹ́ nílé. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ náà mọ̀ pé orúkọ bàbá ọkọ mi ni wọ́n sọ ọ́, ìyàwó ilé Jagun kì í sì í fi orúkọ bàbá ọkọ sí ẹnu, ì báà jẹ́ ọmọ tó bí fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ ìkómọjáde rẹ, n kò pè é rí, n kò kọ ọ́ rí. Nígbà tí mo lọ ṣí àkáùntì ní báńkì, ọmọbìnrin tó ń kọ fọ́ọ̀mù bi mí pé ta ni yóò gba owó náà tí mo bá kú. Mo kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ kó má fi ikú bẹ̀rẹ̀, nítorí a kò tíì fi owó kankan síbẹ̀. Mo wá ní ọmọ mi ni. Ó ní kí lorúkọ rẹ̀, mo ní n kì í pè é. Ó bi mí bóyá èmi àti ọmọ náà ń jà. Mo ní rárá o, kó kọ Atúlùúká. Ó kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo rí i tó lọ bi ọ̀gá rẹ̀ bóyá ènìyàn ni tàbí ilé iṣẹ́. Bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn títí di òní.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fún Àbáyọ̀mí. Mo ní Atúlùúká ni ọ́. Ó bi mí pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ mi, inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí n kò rí ọmọ Èkó kankan tó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Mo dìde, mo fi gèlè di ìbàdí, mo sì kì ọ́ bí a ṣe ń ki ọmọ ilé Jagun:

Atúlùúká, ọmọ a-wọlé-onílé-má-kágò,
Ọmọ a-kó-tìyá-tọmọ,
Ọmọ a-gbẹrù-lórí-ẹlẹ́rù,
Ọmọ a-rẹ́jẹ̀-má-mójú-kúrò.

Ó gbé fóònù rẹ̀ kọjú sí mi. Mo rò pé fọ́tò ló ń yà, mo gbé àgbọ̀n sókè, mo tún un kì lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ohùn tó ga sí i kí fọ́tò náà lè dára. N kò mọ̀ pé ohùn ló ń kó.

O sọ fún mi pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ sétí bàbá wọn, Alàgbà Adégbénró, nínú pálọ̀ wọn ní Palmgrove, pé bí wọ́n ṣe gbọ́ a-kó-tìyá-tọmọ ni wọ́n ní kí wọ́n pa á. Alàgbà ní àwọn ṣe akọ̀wé kóòtù títí àwọn fi fẹ̀yìn tì, gbogbo ohun tí obìnrin yìí sì fi ń yin ọmọ rẹ̀ ni àwọn ti kọ sínú ìwé ẹ̀sùn rí. Wọ́n ní kí ẹ dá ìdána dúró. Mo kọ́kọ́ rò pé fóònù ló ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́ lọ́nà, bí ọbẹ̀ ṣe máa ń kan tí ìrìn bá jìn. Mo ní kí ọmọ pásítọ̀ gba ohùn mi sínú tirẹ̀ kó sì tẹ̀ ẹ́ padà fún mi. Bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, gbọ́ bí oríkì Atúlùúká yìí ṣe rí lójú mi. Bàbá bàbá ọkọ mi ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ. Ìlú kan wà tó ń kó wa lẹ́rú nígbà náà, òun ló kó àwọn jagunjagun lọ, tó tú ìlú náà ká, tí Ahoro-Jagun fi sùn dójú oorun. Kò sọ ara rẹ̀ lórúkọ o, àwọn ènìyàn ló sọ ọ́ nígbà tó dé. Nígbà tó kan bàbá ọkọ mi, wọn kò mú ohun tó mú ju ọkọ́ àti àdá lọ. Tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lójúde, wọ́n á jáde pẹ̀lú ìkòkò áṣáà wọn, wọ́n á bá tọ̀tún tòsì wí, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ, àwọn ọmọdé á sì máa pariwo pé Atúlùúká ti tú wọn ká. Èyí tí mo bá nílé nìyẹn. Lójú tèmi, orúkọ alálàáfíà ni. Nígbà tó kàn ọ́, igbe rẹ ló ń tú agbo ilé ká, a sì ń fi rẹ́rìn-ín.

Àfi ìgbà tí o wá sọ fún mi pé ẹnì kan ń jẹ́ Jagunlabí ní òpópónà yín, pé ẹlòmíràn ń jẹ́ Kakaǹfò létí omi, ìgò fífọ́ ni wọ́n sì fi ń jà. Mo bi ọ́ pé ogun wo ni, ta ló rán wọn. O ní kò sí ogun kankan, ẹnikẹ́ni kò rán wọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sọ ara wọn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Abájọ tí obìnrin tó ń dín ẹja lẹ́nu géètì yín fi gbé agbada rẹ̀ sá wọlé nígbà tí mo wá kí ọ, tí mo dúró síta tí mo ń pè ọ́ ní Atúlùúká. Mo rò pé òjò ló rí.

Síbẹ̀, mo ṣì ń bá ọ bínú nínú mi pé o tijú ilé bàbá rẹ, títí di Sátidé tó kọjá. A ń wẹ ọmọ tuntun kan nínú agbo ilé, ẹnu mi ti mọ́ ọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ náà. Ìyá Waliyat jókòó nítòsí, ó ń ṣa ẹ̀wà. O rántí pé ọ̀nà oko ni wọ́n ti gbé bàbá Waliyat lọ lásìkò ebè kíkọ, a san ohun tí a rí san, a kò sì tíì rí wọn di òní. Nígbà tí mo dé a-kó-tìyá-tọmọ, obìnrin náà dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó gba ilé rẹ̀ lọ. Ó gbàgbé igbá ẹ̀wà rẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ mi, ojú tì mí. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí ni mo ti ń kì í, dídùn rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́, ọjọ́ náà ni mo tó gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Mo bi bàbá rẹ pé àwọn tí bàbá-ńlá kó wá nígbà náà, ṣé ẹnì kankan kò dúró dè wọ́n nílé ni. Wọ́n ní ọ̀tá ni wọ́n. Mo ní ó lè jẹ́ pé ohun tí àwọn tó gbé bàbá Waliyat náà ń sọ nípa tiwa nìyẹn. Wọ́n tan rédíò. Mo gbé igbá ẹ̀wà náà lọ fún un, mo sì kúnlẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé kì í ṣe òun ni mo ń bá wí, ó fà mí dìde, àwa méjèèjì sì sunkún díẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni mo ti gba ọ̀dọ̀ Màmá Bọ́dúndé lọ, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Àwọn ni ọmọ-osú ilé yìí, tí wọ́n ti ilé ọkọ padà sílé bàbá wọn, o mọ bí àwa ìyàwó ṣe ń bẹ̀rù wọn. Mo ní mo wá tọrọ àyè láti pe orúkọ bàbá wọn, nítorí àna bèèrè orúkọ ọmọ lọ́wọ́ mi, ohun tí mo sì fún wọn dípò rẹ̀ ti di iná. Mo rò pé wọ́n á lé mi. Wọ́n ní tí ọ̀wọ̀ tí mo ń bù fún bàbá àwọn bá máa gba ìyàwó lọ́wọ́ ọmọ ọmọ wọn, a jẹ́ pé kì í ṣe bàbá àwọn ni mo ń bọ̀wọ̀ fún. Wọ́n ní kí n lọ kúnlẹ̀ lójú oórì bàbá àwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kí n kọ́kọ́ sọ fún wọn. Mo lọ. Ẹnu mi wúwo, n kò parọ́ fún ọ. Ewúrẹ́ nìkan ló gbọ́ èyí tí mo kọ́kọ́ pè. Láti ìgbà náà, tí mo bá ń bó ẹ̀gúsí, mo máa ń pè é jẹ́ẹ́jẹ́ kó lè mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Má jẹ́ kí Oyinkọ́lá lọ. Sọ fún Alàgbà pé ìyá rẹ ń bọ̀ wá kúnlẹ̀ níwájú wọn ní Palmgrove, tí wọ́n bá sì tún bi mí léèrè orúkọ ọmọ mi, orúkọ nìkan ni n ó sọ, n kò ní kì í. Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, àti owó oògùn orúnkún bàbá rẹ tí ó bá ṣẹ́ kù. Jọ̀wọ́ má fi gba inú fóònù. Owó tó ń gba ojú afẹ́fẹ́ bọ̀, ẹ̀rù máa ń bà mí kó má jábọ́ sí Ìbàdàn. Fi rán awakọ̀ tó kó èlùbọ́ wá sí Ṣómólú, òun ló mú lẹ́tà yìí bọ̀, olóòótọ́ ni, a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni. N ó tún lọ sí báńkì kí wọ́n bá mi tún fọ́ọ̀mù yẹn kọ.

Ọlọ́run yóò la ọ̀nà fún ọ níbi tí mo ti dí i mọ́ ọ. Yóò fún ọ ní ojú rere lọ́dọ̀ àwọn àna rẹ. Ilé rẹ kò ní dahoro, ọwọ́ rẹ kò ní ṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó ń fi ìgò jà kò ní mọ ojú rẹ, wọn kò ní mọ ẹ̀yìn rẹ. Ibi tí wọ́n bá ti ń pe ẹni rere, wọn yóò pè ọ́ mọ́ ọn. Àmín.

Bámilóyè, má bínú sí mi mọ́.

Bámilóyè ọmọ mi, gbé fóònù rẹ. Ìyá rẹ ló ń pè ọ́.

Èmi ni,
Rákẹ́lì